Ọkọ̀ Tí A Ṣáná Sí Nínú Òtútù Tí Kò Dáhùn

Ẹni tí ó mọ ọyẹ́ ilẹ̀ Yorùbá nìkan kò tí ì mọ òtútù. Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, òtútù ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985 wálẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 33 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní àná lè kọ̀ jálẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ó ní ìdí.

Bátìrì ni ìdí kìn-ín-ní. Òtútù a máa fa ọwọ́ iṣẹ́ kẹ́míkà inú rẹ̀ sẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ní ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo. Ní àkókò kan náà, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì a ki bí oyin. Ẹrù wúwo sí i, agbára ẹni tí yóò gbé e sì dín kù.

Etí ni a kọ́kọ́ fi ń wádìí. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, tí iná iwájú sì ṣe bàìbàì, bátìrì ni, tàbí kí orí rẹ̀ ti dípẹtà. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere, tí ẹ́ńjìnì kò sì yí rárá, kí a fura sí sítátà. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí geere tí kò gbiná, kí a wo ọ̀nà epo àti pílọ́ọ̀gì.

Bí a ó bá yá iná lára ọkọ̀ mìíràn, wáyà pupa yóò kan orí àmì àròpọ̀ bátìrì tí ó kú, lẹ́yìn náà ti èyí tí ó yè. Wáyà dúdú yóò kan orí àmì àyọkúrò èyí tí ó yè. Ìdí rẹ̀ kejì yóò kan irin ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, jìnnà sí bátìrì, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí bátìrì ń tú jáde lè gbiná. Bátìrì tí ó ti di yìnyín tàbí tí ó wú, a kì í fi wáyà kàn án rárá: ó lè bú gbàmù.

Ewu kan tún wà tí ó ju èyí lọ. Àwọn kan a máa ṣáná sí ọkọ̀ nínú gáréèjì kí ó lè móoru. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ májèlé tí kò ní òórùn, tí ó sì lè wọ inú ilé pa àwọn tí ó sùn. Ṣíṣí ilẹ̀kùn gáréèjì kò tó. Kí a wa ọkọ̀ náà jáde, kí a sì hú yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù èéfín.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí òtútù tó dé ni kí mẹkáníìkì yẹ bátìrì wò, kí ó sì rọ ọ́ìlì tí kì í tètè ki.