Ọ̀wẹ̀, Àáró àti Owó Ọ̀yà Lẹ́yìn Ìjì

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, òjò àkọ́rọ̀ a máa bá ìjì líle rìn. Bí ìjì bá ti ká páànù orí ilé lọ, iṣẹ́ àtúnkọ́ di dandan. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Yorùbá ń gbà ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ọ̀wẹ̀: ará, ọ̀rẹ́ àti àna yóò péjọ, onílé yóò sì bọ́ wọn. Èkejì ni àáró: ọjọ́ iṣẹ́ ni a fi ń san ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni àgbàṣe, tí a ń fi owó san. Kò sí owó nínú méjì àkọ́kọ́, síbẹ̀ kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀, nítorí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lónìí ni yóò ranni lọ́wọ́ lọ́la.

Inú àgbàṣe ni ìṣòro wà. Ìjì tí ó ṣí ilé onílé lè ti ṣí ti lébìrà pẹ̀lú, ebi sì lè mú kí ó gba iyekíye. Ní ọdún 2024, òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, kò pé ₦2,700 lójúmọ́. Síbẹ̀, òfin náà yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, àti àwọn tí a ń sanwó fún ní ìwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ bíríkìlà àti kápẹ́ńtà ni kò sí lábẹ́ ààbò rẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìjì Katrina, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, Ààrẹ George W. Bush dá òfin ọdún 1931 dúró ní àwọn agbègbè tí ìjì náà ti jà. Òfin yìí ni ó ní kí agbaṣẹ́ṣe ìjọba san iye tí ó wọ́pọ̀ ládùúgbò fún òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́. Àtakò pọ̀, òfin náà sì padà bọ̀ sípò ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá.

Ní èrò tiwa, ọ̀wẹ̀ yẹ ilé opó àti arúgbó. Ṣùgbọ́n níbi tí owó ìjọba bá wà, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ọ̀wẹ̀ bo ìrẹ́jẹ. Kí a fohùn ṣọ̀kan lórí iye kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó má rẹlẹ̀ sí ti ìgbà tí ìjì kò tíì jà. Kí a sì san án bí iṣẹ́ bá ti parí, kí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà má baà ṣẹ mọ́ alágbàṣe lára pé òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòòji.