Afárá Wi-Fi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń fọwọ́ ara wọn ṣe

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígbòkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe jìn tó, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ àti GPS lè ti lo ogún ọdún kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wáyà ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, fóònù ò sì níbi tí wáyà ọ̀hún ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ rí nọ́ńbà wọn lórí fóònù á ra ẹ̀rọ tuntun olówó gọbọi, àbí kó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe afárá kékeré kan.

NMEA 0183 ni èdè táwọn ẹ̀rọ náà ń sọ. Ọ̀rọ̀ téèyàn lè fojú kà ni: àmì dọ́là ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nọ́ńbà á tẹ̀ lé e, kọ́mà á máa pín wọn. Kì í yára rárá, bit 4,800 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí ESP32, bọ́ọ̀dù kékeré tí kò wọ́n, fi lè gbà á lẹ́nu wáyà kó sì fi Wi-Fi jù ú sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí ètò bíi OpenCPN gbé e sórí máàpù omi.

Iná ló ń kọ́kọ́ ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Fólítì 3.3 ni ẹnu wáyà ESP32 lè gbà, bẹ́ẹ̀ bátìrì ọkọ̀ jẹ́ 12, ó sì lè kọjá 14 tó bá ń gba iná lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń fa fólítì wálẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín, pẹ̀lú fíúùsì. Wáyà ọ̀rọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀dù ní tààràtà: optocoupler ló yẹ kó gbà á. Iná tíńtín kan ń tàn, ó ń kú nínú ẹ̀, ojú kan ń wò ó lódìkejì, ó sì ń ròyìn ohun tó rí. Iná bátìrì ò ní rí ọ̀nà kọjá.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń há ọkọ̀ sórí yanrìn kì í ṣe iná. Tí Wi-Fi bá já, àwọn ètò kan máa ń fi nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ lójú fóònù. Fóònù ń wí pé mítà 6, ọkọ̀ sì ti rìn dé ibi tí omi ò ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ẹni tó ń fi ọ̀pá tẹ ìsàlẹ̀ omi wò, irú èyí ò lè ṣe é.

Nítorí náà, ètò náà gbọ́dọ̀ pa nọ́ńbà rẹ́ tí ìròyìn tuntun ò bá dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, ẹ yọ wáyà, kẹ́ ẹ wo fóònù. Tí nọ́ńbà ọ̀hún bá ṣì dúró síbẹ̀, ẹ má tíì gbé e lọ sójú omi. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń wọn omi náà ò gbọ́dọ̀ kúrò níwájú awakọ̀.