Kíkọ́ Èdè Lárúbáwá ní Pobè àti Sakété: Láti Orí Wàláà dé Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀

Ní Pobè àti ní Sakété, kò ṣòro láti rí àgbàlagbà tó ti ké kéú parí, tí wọ́n ti ṣe wòlímọ̀ fún, tí ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáká bó bá ń ka Àlùkùránì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé lẹ́tà kan tí ènìyàn kọ sí ènìyàn ní èdè Lárúbáwá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó lè pe àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó má mọ ohun tí wọ́n bá a sọ. Kì í ṣe àbùkù rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀ ni: kíkà ló ṣáájú, ìtumọ̀ á wá tẹ̀lé e fún ẹni tó bá dúró pẹ́ lọ́dọ̀ àáfà. Ọ̀pọ̀ kì í dúró pẹ́. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ọ̀nà tí ẹni tó ń kọ́ Lárúbáwá nítorí ẹ̀sìn fi lè tètè dé ibi ìtumọ̀, láì sọ ohun tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ nù.

Ìlú méjèèjì wà ní ẹkùn Plateau, pẹ̀lú Kétu, Adja-Ouèrè àti Ifangni. Nàgó ni wọ́n ń pe èdè Yorùbá tí a ń sọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn ààlà tó pín ilẹ̀ Yorùbá apá ìhín yìí sí méjì, àwọn Faransé sì la ọ̀nà reluwé láti Porto-Novo gba Sakété dé Pobè lẹ́yìn náà. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa nínú ìtàn yìí ni pé ọmọ tó ń ké kéú ní Pobè lónìí ń sọ Nàgó nílé, ó ń kọ Faransé ní iléèwé, Lárúbáwá wá ṣe ìkẹta.

Ilé-kéú àtijọ́ kò nílò ju wàláà, gègé àti tàdáà lọ. Wàláà ni pákó pẹlẹbẹ tí Lárúbáwá ń pè ní lawḥ. Tàdáà ni yíǹkì. Ọmọ á kọ́kọ́ mọ lẹ́tà 28 ní orúkọ àti ní ìrísí, á mọ àwọn àmì òkè àti ìsàlẹ̀ tó ń fún wọn ní ìró, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀. Fátíhà ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á mú Súrátù Náàsì, tó jẹ́ ìkẹyìn nínú súrà 114, wọ́n á sì máa padà sẹ́yìn, nítorí àwọn súrà kúkúrú ló wà lápá ìparí. Bí ọmọ bá ti mọ ohun tó wà lójú wàláà rẹ̀ sórí, àáfà á gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á fọ wàláà, wọ́n á kọ òmíràn sí i.

Àwọn kan ń fi ojú kékeré wo ọ̀nà yìí. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀kọ́, tó kà á sókè lójú olùkọ́, tí wọ́n tún un ṣe fún un kí wọ́n tó jẹ́ kó fọ̀ ọ́ nù, ti rí i, ó ti kọ ọ́, ó ti gbọ́ ọ, ó sì ti há a sórí. Ẹ̀kọ́ tó bá wọlé báyìí kì í tètè jáde. Ibi tí ọ̀nà náà ti kù díẹ̀ káàtó ni àkókò. Ó gbà pé ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ àáfà lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé ìtumọ̀, gírámà àti fìkíhì yóò bá a níbẹ̀ nígbà tó bá di géńdé. Nísinsìnyí iléèwé Faransé ló ni àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ àti àsìkò ìsinmi ló kù fún kéú. Bí a bá ki ètò tí wọ́n ṣe fún odindi ọjọ́ bọnú wákàtí kan tàbí méjì, ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni ọmọ máa bá pàdé: á ṣe wòlímọ̀, á sì lọ. Nítorí náà, ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó ti wù kó kéré tó.

Ẹnu ni ká kọ́kọ́ tọ́ ná. Lárúbáwá ní àwọn ìró tí Nàgó kò ní, púpọ̀ nínú wọn láti inú ọ̀fun. Ẹni tó bá ń pe ق bí ك yóò sọ qalb di kalb: ọkàn ni ti àkọ́kọ́, ajá ni ìkejì. Ẹni tí kò bá fa ع jáde láti ọ̀fun, ʿalīm, tó túmọ̀ sí Onímọ̀, tó sì wà lára orúkọ Ọlọ́run, yóò dọ́gba lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú alīm, tó túmọ̀ sí èyí tó ń roni lára. Etí wa náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n Lárúbáwá kò lo ohùn bẹ́ẹ̀. Fífa fáwẹ̀lì gùn tàbí kíké e kúrú ló ń lò. Kataba ni “ó kọ̀wé”. Kātaba, tí a fa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ni pé òun àti ẹnìkan ń kọ̀wé sí ara wọn. Èdè wa kì í sì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì sún mọ́ra, ìdí nìyẹn tí muslim fi di mùsùlùmí lẹ́nu wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ka irú àwọn ọ̀rọ̀ méjì-méjì tó jọra báyìí papọ̀ níwájú olùkọ́. Nílé, kó gbọ́ ẹni tí kíkà rẹ̀ fara balẹ̀, bíi ti Sheikh Mahmoud Khalil al-Husary ará Íjíbítì.

Kó má sì máa fi lẹ́tà Faransé kọ Lárúbáwá sílẹ̀. Lẹ́tà p táwọn ará Nàìjíríà ń kọ, kp ni àwa ń kọ ọ́ ní Benin, èdè kan náà sì nìyẹn. Mélòó-mélòó èdè tí ìró rẹ̀ jìnnà sí tiwa tó báyìí.

Ohun kan tún wà tó ń da akẹ́kọ̀ọ́ lójú rú, tó sì yẹ kí àwọn olùwádìí fiyè sí. Kíkà ti Warsh, pẹ̀lú ìkọ̀wé Mágíríbì tó bá a rìn láti Àríwá Áfíríkà, ló gbilẹ̀ látijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú ìkọ̀wé yẹn, fá'u ní àmì róbótó kan nísàlẹ̀, qáfù sì ní ẹyọ kan lókè. Nínú àwọn Àlùkùránì tí wọ́n ń tẹ̀ lónìí, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ kíkà ti Ḥafṣ, fá'u ló ní ẹyọ kan lókè, qáfù ní méjì. Nítorí náà qáfù inú tírà bàbá àgbà jọ fá'u inú tírà ọmọ. Nínú Fátíhà pàápàá, Warsh ń ka maliki, Ḥafṣ ń ka māliki. “Ọba” ni ti àkọ́kọ́, “ẹni tó ni ín” ni ìkejì. Kò sí àṣìṣe nínú méjèèjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan, kó dúró lórí rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi ranlẹ̀. Ẹ̀yin tí tírà àfọwọ́kọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bíírò tún àmì rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ wá kàn. Níbí ni ọmọ Yorùbá ti ní èrè tí kò mọ̀ pé òun ní. Ó ti ń sọ Lárúbáwá díẹ̀ láti kékeré. Àláàdì, Àtìní, Àtàláátà, Àlàrùbá, Àlàmísì: ẹ bọ́ ara wọn wò, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún ni ẹ ó bá nínú wọn. Ọmọ tó mú owó Àlàrùbá lọ fún àáfà ti mọ arbaʿa, ẹ̀rin, kó tó débẹ̀. Wákàtí, àdúrà, ìwàásù, fìtílà, màláíkà, sàká, àlùbọ́sà pàápàá, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá, àwọn kan gba ẹnu Haúsá kọjá. Àmọ́ ká ṣọ́ra, nítorí àwọn kan ti yí ìtumọ̀ padà lọ́nà. Sẹ́ríà lẹ́nu wa jẹ́ ìyà tí wọ́n fi jẹ arúfin, òfin ni sharīʿa. Àlàáfíà tí à ń kí ara wa wá láti inú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìlera. Salām ni Lárúbáwá ń pe àlàáfíà.

Lẹ́yìn èyí ni gbòǹgbò. Lẹ́tà mẹ́ta ló máa ń wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Láti inú k-t-b ni a ti ń rí kitāb, ìwé, kātib, akọ̀wé, maktūb, ohun tí a kọ. Láti inú ʿ-l-m, ʿilm, ìmọ̀, ʿālim, onímọ̀, muʿallim, olùkọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí kò ní máa há ọ̀rọ̀ sórí ní ẹyọ-ẹyọ.

Ibi tí iná ti jó wa jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Mo lọ, o lọ, ó lọ: “lọ” kò yí padà. Lárúbáwá ní dhahabtu, dhahabta, dhahaba, bó bá sì jẹ́ obìnrin, dhahabat. Èmi rò pé Faransé wúlò níbí ju ibikíbi lọ, torí ọmọ tó ti mọ il àti elle kò ní yà á lẹ́nu pé èdè kan ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo.

Bí ètò kíláàsì ṣe wọ ẹ̀kọ́ yìí nílẹ̀ Yorùbá kò ṣe é sọ láì dárúkọ Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori. Ọdún 1917 ni wọ́n bí i ní Wasa, ní apá àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Ìlọrin ni baba rẹ̀ ti wá. Ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lórí bẹ́ńṣì, pátákó ìkọ̀wé wà níwájú, ìdánwò wà, ìwé-ẹ̀rí wà, Lárúbáwá sì di èdè tí ènìyàn ń kọ́ láti sọ àti láti fi kọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé púpọ̀ ní Lárúbáwá kó tó kú ní 1992. Sakété kò jìnnà sí Agége, ààlà ló wà láàárín. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ní Benin náà, ní àwọn iléèwé tó ń da Faransé pọ̀ mọ́ Lárúbáwá. Kíláàsì ń mú ìtumọ̀ yá. Ẹnu ni kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́, torí ọmọ pọ̀, olùkọ́ kò lè gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí àáfà ṣe ń gbọ́ oníwàláà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ń kírun márùn-ún ń ka Fátíhà ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún lójúmọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì pé 30. Kí wọ́n kọ ọ́ sí wàláà, kí wọ́n kọ Nàgó sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ ka méjèèjì fún àáfà kó tó fọ̀ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìrun tó ń kí ti di ilé ẹ̀kọ́ fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí à ń sọ ní rùkúù, ní sùjúúdù àti ní àtááyá. Lẹ́yìn náà súrà 37 inú Amma, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dé àárín Amma báyìí ni kí wọ́n wá fún ní Ājurrūmiyya, ìwé gírámà kékeré tí Ibn Ājurrūm kọ, kó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ohun tó ti ń rí. Bí a bá kọ́kọ́ fún un ní ìwé yẹn, orúkọ òfin lásán ló máa há sórí.

Mo sọ pé Nàgó ni kí wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀, n kò sọ Faransé. Nínú tàfúsírì Ramaḍānì, ajánásì á ka ẹsẹ, mùfásírì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí èdè wa. Èdè tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í ṣe èdè ọjà: àwọn ọ̀rọ̀ wà tí kò sí níbòmíràn, tí àáfà gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀, tí olùkọ́ rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ tó bá kọ́ ìtumọ̀ ní Faransé lè mọ Lárúbáwá dáadáa, kó sì jókòó sínú tàfúsírì ìlú rẹ̀ bí àlejò. Púpọ̀ nínú ìtumọ̀ yìí kò sí nínú ìwé kankan. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ní fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà àáfà ní Pobè àti Sakété kí Ramaḍānì tó ń bọ̀ tó wọlé, kí ẹ gba Fátíhà àti Amma sílẹ̀ lẹ́nu wọn, Lárúbáwá ọ̀rọ̀ kan, Nàgó ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i.