Àtẹ Owó Oṣù Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Yanjú

Ní ìparí oṣù Kẹwàá 2024, kò sí ibi téèyàn yà sí nínú ọgbà Sẹkitéríàtì Àgodi, n'Íbàdàn, tí kò ní í bá iye owó lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn awakọ̀ tó ń nu mọ́tò lábẹ́ igi ń sọ ọ́: Èkó ti kéde 85,000 náírà, Ògùn ti kéde 77,000, èló ni ti Ọ̀yọ́? Láti 29 oṣù Keje ni Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin pé owó oṣù tó kéré jù kò gbọdọ̀ kéré sí 70,000. Ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ò dá sí i. Ìwé àwìn rẹ̀ ló ń wò, orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn yìí ló sì wà níbẹ̀.

Mo tẹ̀lé àwọn kan wọ gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ wọn ti fẹ́ ṣèpàdé. Wọn ò tíì kọrin ẹgbẹ́ tán tí ilé ti pín sí méjì. Àwọn agbálẹ̀, awakọ̀ àti ọlọ́dẹ, tí wọ́n wà ní ìpele kìíní dé ìkẹfà, fẹ́ kí ẹgbẹ́ tètè gba owó ìsàlẹ̀ náà ná. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ò gbà: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé títí ìjọba yóò fi sọ ohun tó máa gorí owó oṣù ìpele keje sókè.

Akọ̀wé kan tó jókòó tì mí fa bébà yọ. Ó kọ 70,000, ó yọ 30,000 kúrò nínú rẹ̀, ó fi bírò fa ìlà méjì sábẹ́ 40,000. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ 120,000, ó ṣírò ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún, iye tí wọ́n fi kún owó ìpele rẹ̀ ní 2019, ó bọ́ sí 19,200. Ó na bébà náà sí ìyá agbálẹ̀ kan tó wà níwájú wa.

"Màmá, ẹ bá mi wò ó. 40,000 ló máa gorí tiyín. Bí wọ́n bá tún ṣe é bíi ti 2019, 19,200 ni tèmi."

"Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ," ni ìyá náà dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n 30,000 tí mo ń gbà, ṣé ó ra ìlàjì àpò ìrẹsì?"

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi le.

Àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn ń pariwo ìyanṣẹ́lódì. Ara ń ta wọ́n nítorí ti oṣù Kẹfà: ọjọ́ kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, ọjọ́ kẹrin ni àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti dá a dúró. 494,000 ni wọ́n ń bèèrè nígbà náà. 70,000 ló já sí.

Alága gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká gba ti ìsàlẹ̀ ná, a ó padà wá jà fún tòkè."

Ẹ̀bẹ̀ tó wuni gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìjọba ti ń rí wọn mú. Ní 18 oṣù Kẹrin 2019 ni 30,000 di òfin. Oṣù Kẹwàá ni ẹgbẹ́ àti ìjọba àpapọ̀ tó fẹnu kò lórí àwọn tó wà lókè: ìdá 23.2 fún ìpele keje, 20 fún ìkẹjọ, 19 fún ìkẹsàn-án, 16 fún ìkẹwàá dé ìkẹrìnlá, 14 fún àwọn ọ̀gá. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kí ló máa mú agbálẹ̀ tí òfin ti dá lóhùn jáde wá yanṣẹ́ lódì? Ìjọba mọ̀ pé kò sí ohun tó máa mú un jáde. Bí ẹgbẹ́ bá sì padà fẹ́ jà fún agbálẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ojú wo ni akọ̀wé tí wọ́n fi sílẹ̀ máa fi bá wọn jáde? Owó tó ń wọ àpò ẹgbẹ́ lóṣooṣù, àpò àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ìyá agbálẹ̀ yẹn ló dìde nígbà tí ariwo pọ̀. Ó ní kí wọ́n fi tòun àti tàwọn ọ̀gá òun sínú ìwé kan ṣoṣo, òun lè fara dà á fún oṣù kan sí i, ṣùgbọ́n kó má ju oṣù kan lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ láti apá méjèèjì. Wọ́n yan èèyàn mẹ́ta láti ìsàlẹ̀, mẹ́ta láti òkè, wọ́n sì fi dè wọ́n pé ìwé èyíkéyìí tí ìjọba bá gbé wá, tí kò bá sí àtẹ owó oṣù gbogbo ìpele nínú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i.