Òṣìṣẹ́ yín lóyún: kí lòfin ní kẹ́ ẹ ṣe?

Lọ́dún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí i pé kí obìnrin tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba máa gba ìsinmi oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, kí owó oṣù rẹ̀ sì pé. Ẹ̀yin oníṣòwò, àṣẹ yẹn kò de ṣọ́ọ̀bù yín. Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ló dè yín.

Ó ní aláboyún tó bá mú ìwé dókítà wá lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sinmi bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó bímọ. Kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín, ẹ ó san ìdajì owó rẹ̀, ó kéré tán. Ẹ kò gbọdọ̀ fún un níwèé gbélé-ẹ lásìkò ìsinmi náà. Tó bá padà, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni tirẹ̀ láti fọ́mọ lọ́mú.

Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ 80,000 náírà, ìdajì ti ọ̀sẹ̀ 12 kò tó 120,000. Ẹ máa ya 10,000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Láàárín ọdún kan, owó náà ti délẹ̀, ẹ ò sì ní pàdánù òṣìṣẹ́ tó ti mọṣẹ́.