Èérí Ẹ̀kùrọ́ àti Kúlíkúlí: Ajílẹ̀ fún Èéhù Wa

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀yọ́, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ata àti tòmátò tí ó làlẹ̀ hù lórí àkìtàn a máa so ju èyí tí a fi ọwọ́ gbìn sí oko lọ. Àwọn baba wa ti rí èyí kí ìwé tó dé. Ohun gbogbo tí a gbá dà sí àkìtàn, ìbáà ṣe èèpo iṣu, ìbáà ṣe ewé, a máa jẹrà, a sì máa di oúnjẹ fún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oko, ọdọọdún ni a ń kórè, tí a ń ru ọrọ̀ ilẹ̀ náà lọ sí ọjà Takie, a kì í sì í dá nǹkan kan padà fún un. Ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa yìí jẹ́ oníyanrìn. Òjò a máa fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, iná ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a sì máa jó ewé tí ì bá tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń sọ ajílẹ̀ nù nínú ilé wa. Nígbà tí a bá ti fún òróró ara hóró tán, èérí a máa ṣẹ́kù: èérí ẹ̀kùrọ́ lẹ́yìn àdín, kúlíkúlí lẹ́yìn òróró ẹ̀pà, àti èérí sóyà pẹ̀lú ti kóro òwú. Òróró nìkan ni a yọ. Ohun tí ń mú adìẹ àti ẹran sanra ṣì wà nínú èérí náà, nínú rẹ̀ ni naitirójìn sì wà, èyí tí ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀. Nínú ìwọ̀n 100 èérí sóyà tàbí ti ẹ̀pà, naitirójìn tó nǹkan bí 7. Ti kóro òwú tó nǹkan bí 6. Ti hóró dóńgóyárò wà láàrin 3 àti 5. Ti ẹ̀kùrọ́ jẹ́ nǹkan bí 2 àbọ̀ sí 3. Ajílẹ̀ òyìnbó tí a kọ 15-15-15 sí lára àpò rẹ̀ ní 15. Nítorí náà èérí kò lágbára tó o, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó ń bọ́ ohun ọ̀gbìn, òjò kò sì lè tètè gbá a lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti mọ èyí tipẹ́. Lẹ́yìn ogun Japan àti Ṣáínà tí ó parí ní 1895, àwọn àgbẹ̀ Japan a máa ra èérí sóyà láti Manchuria fún oko wọn. Ní gúúsù Amẹ́ríkà pẹ̀lú, a ti ń fi èérí kóro òwú ṣe ajílẹ̀ ṣáájú 1900.

Ibi tí èérí ti wúlò jù fún àgbẹ̀ kékeré ni erùpẹ̀ tí a ń fi hu èéhù ata, tòmátò, máńgòrò àti kajú. Ẹni tí èéhù rẹ̀ bá kú ní oṣù Igbe, owó oṣù Agẹmọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni kí a ṣe é. Wọn garawa erùpẹ̀ òkè 3, garawa ewé tí ó ti jẹrà di dúdú 2, àti garawa yanrìn odò 1. Gún èérí náà kúná, kí o sì yọ èèpo ẹ̀kùrọ́ kúrò, nítorí kì í tètè jẹrà. Fún garawa kọ̀ọ̀kan, bu agolo mílíìkì 1 èérí ẹ̀pà tàbí ti sóyà. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀kùrọ́, agolo 2 sí 3. Pò wọ́n pọ̀ dáadáa, wọ́n omi sí i títí yóò fi rí bí erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kí o sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó ní ibòji.

Má ṣe gbin ohunkóhun sínú rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ojú kò lè rí ni yóò jẹ èérí náà, tí wọn yóò sọ ọ́ di ohun tí gbòǹgbò lè fà mu. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, erùpẹ̀ a máa gbóná, òórùn líle a sì máa jáde, èyí tí ó lè jó èéhù kú. Yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Nígbà tí kò bá gbóná mọ́, tí òórùn náà sì ti tán, gbin hóró ẹ̀wà díẹ̀ sínú rẹ̀ láti dán an wò. Bí ó bá hù ní ewé tútù, a lè gbin ata. Nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ gbìn ní oṣù Ẹrẹ́nà, kí ó po erùpẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Èrèlè.

Eérú dára fún ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n kí a má ṣe da á pọ̀ mọ́ èérí tútù, nítorí yóò lé naitirójìn jáde sínú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn tí èéhù bá ti dúró ni kí a wọ́n díẹ̀ sí i. Kí a sì bo erùpẹ̀ náà dáadáa, nítorí eku àti adìẹ fẹ́ràn èérí. Èérí làrà àti ti làpálàpá lè ṣe ajílẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n májèlé ni wọ́n: ewúrẹ́, ajá tàbí ọmọ tí ó bá jẹ wọ́n lè kú.

Ọ̀rọ̀ ìlera kan kù. Ní 1960, ohun tí ó ju 100,000 tòlótòló lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n jẹ èérí ẹ̀pà tí ó bu. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ májèlé tí a ń pè ní aflatoxin. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ènìyàn. Sísè tàbí dídín kì í pa á tán. Nítorí náà, kúlíkúlí tí ó bá ti bu, ẹ má ṣe tà á, ẹ má ṣe fi fún ọmọ tàbí adìẹ. Ẹ rin ín lómi kí eruku rẹ̀ má ba à wọ imú, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ nínú kòtò ajílẹ̀ títí yóò fi jẹrà pátápátá. Kúlíkúlí tí ó dára, ẹnu ọmọ ni ó yẹ; ẹ jẹ́ kí èérí ẹ̀kùrọ́ tí à bá dà nù ṣe ti ilẹ̀.

Nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 13, nígbà tí olóko fẹ́ gé igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so, olùtọ́jú ọgbà bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i, kí òun lè tu ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí òun sì fi ajílẹ̀ sí i. Ilẹ̀ tí a ń sọ pé ó ti gbó lè jẹ́ èyí tí ebi ń pa. Kí a bọ́ ọ kí a tó kọ̀ ọ́.