Jíìnì G6PD, Ibà Pọ́njú Ọmọ Tuntun àti Káńfọ̀ inú Àpótí Aṣọ

Ìfáárà

Ní Ọjà-Ọba tó wà nítòsí ààfin Ẹ́mírì ní ìlú Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣòro láti rí káńfọ̀ rà. Òun ni ẹyin funfun kéékèèké olóòórùn líle tí àwọn ènìyàn máa ń jù sínú àpótí kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ òfì àti àrán. Àwọn ìyálọ́mọ a sì máa fi sáàárín aṣọ ọmọ pẹ̀lú, nítorí pé aṣọ tí ẹ̀gbọ́n wọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú de àbúrò. Bí ọmọ tuntun bá dé, wọn a kó aṣọ náà jáde, wọn a sì wọ̀ ọ́ fún un. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sí ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Fún àwọn mìíràn, ojú yóò pọ́n rúsúrúsú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Àwọn kan nínú wọn yóò kú, àwọn kan yóò sì di adití, tàbí ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò gbọ́ràn sí lẹ́nu mọ́. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí kò sí lọ́wọ́ ayé. Inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ló wà, nínú jíìnì kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní G6PD.

Jíìnì náà àti púrótíìnì rẹ̀

Jíìnì ni ìlànà tí ara ń tẹ̀lé láti ṣe púrótíìnì. Orí kuromosóòmù X ni jíìnì G6PD wà, orúkọ kan náà ni wọ́n sì fi ń pe púrótíìnì tó ń ti inú rẹ̀ jáde. Ásíìdì amínò 515 ló so kọ́ra láti di púrótíìnì yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú glucose tó wá láti inú oúnjẹ gba ọ̀nà kan tó yàtọ̀ sí èyí tó ń fún ara lágbára. Èrè ọ̀nà yìí ni ohun kan tí à ń pè ní NADPH, èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn èròjà aṣèparun ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi epo pa irin kí ó má baà dógùn-ún.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara ní ọ̀nà àbáyọ mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kò ní. Kí ó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ju kókó inú rẹ̀, níbi tí àwọn jíìnì wà, nù. Kò sì lè ṣe púrótíìnì tuntun mọ́. Ó dà bí arìnrìn-àjò tí kò ní rí oúnjẹ rà lójú ọ̀nà: ohun tó dì lẹ́rù láti ilé ni yóò jẹ fún nǹkan bí 120 ọjọ́ tí yóò lò láyé.

Irú jíìnì aláìpé tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni wọ́n ń pè ní A−. Ipò méjì péré ló ti yàtọ̀ nínú 515: ní ipò 68 àti ipò 126. Púrótíìnì tó ń jáde láti inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í tọ́jọ́. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti dàgbà ló kọ́kọ́ ń bọ́ sínú ewu, ẹni tó ní i sì lè wà láyé pẹ́ títí láìmọ̀, bí ohun tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ kò bá wọ inú ara rẹ̀.

Naphthalene, tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú káńfọ̀ ọjà, jẹ́ ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. (Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú káfúrà tí àwọn Mùsùlùmí ń lò fún òkú, ara igi ni káfúrà ti ń wá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, naphthalene sì ń wá láti ara èédú ilẹ̀ àti epo rọ̀bì.) Ó ń gba awọ ara àti èémí wọlé. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti yí i padà, a máa mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa fọ́. Láti inú sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ ni bilirúbìn, èròjà pupa rúsúrúsú, ti ń jáde. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára láti kó o dànù. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò wọ inú ọpọlọ.

Ìdí tí ó fi wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá

Ọkùnrin kò ní ju X kan lọ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti ń gbà á. Bí ti ìyá bá jẹ́ aláìpé, kò sí èkejì tí yóò gbè é. Obìnrin ní méjì, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lo ẹyọ kan, ó ń jẹ́ kí èkejì sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń jẹ́ àdàlù. Láàárín àwọn Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ló ní irú aláìpé yìí. Ìyá tí kò ṣàìsàn rí lè fi fún ọmọkùnrin rẹ̀, nítorí náà kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

Báwo ni ohun tó léwu tó báyìí ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Yunifásítì Ìbàdàn wà lára ibi tí ìdáhùn ti jáde. Ní 1969, Lucio Luzzatto, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó jẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú Usanga àti Reddy, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin aládàlù tí ibà ń ṣe ni wọ́n yẹ̀ wò. Kòkòrò ibà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì pípé ní ìlọ́po 2 sí 80 ju inú sẹ́ẹ̀lì aláìpé lọ. Ọgbọ́n ìwádìí yìí ni pé ọmọ kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ẹ̀fọn kan náà. Ìyàtọ̀ kò lè wá láti ibòmíràn. Ẹ̀bùn tí ibà fi sílẹ̀ ni jíìnì náà, ẹ̀bùn olójú méjì.

Káńfọ̀ nìkan kọ́. Ní 1980, S. A. Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tó padà di mínísítà ètò ìlera, kọ̀wé lórí ewu menthol fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lapdap, oògùn ibà tó ní dapsone nínú, kúrò lọ́jà ní 2008 nítorí pé ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní G6PD aláìpé. Ẹ̀wà ilẹ̀ òkèèrè kan tí wọ́n ń pè ní fava náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí ló sì mú kí àwọn òbí kan fi ẹ̀wà du ọmọ wọn. Ẹ̀wà tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò ní Ọjà-Ọba kì í ṣe fava. Kò ní èròjà náà nínú.

Ohun tó kù ni ìtọ́jú. Omi glucose, omi ìbẹ́pẹ àti jíjókòó sí oòrùn àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbára lé, àkókò ni wọ́n sì ń jẹ. Iná àkànṣe ilé-ìwòsàn ló ń yí bilirúbìn padà. Bí ó bá ti pọ̀ jù, wọ́n a pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Lára ọmọ dúdú, ẹyinjú, èrìgì àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí wọ́n wò. Ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, tí kò mu ọmú mọ́, tí igbe rẹ̀ yí padà tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nílé. Ìkán ẹ̀jẹ̀ kan tó láti fi yẹ G6PD wò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ìgbẹ̀bí kì í ṣe é. Èyí tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó ni kí agbẹ̀bí bi aboyún léèrè, kí oṣù rẹ̀ tó pé, bóyá káńfọ̀ wà nínú àpótí tó kó aṣọ ọmọ sí.